Ọdún Mọ́kànlá Tí Mo Fi Kọrin Kọjá Orí Ìjọ

Ohùn tí Ọlọ́run fún mi, ohùn ọjà ni. Mi ò kọ́ ọ níbì kankan. Èlùbọ́, gààrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Oliha ní Benin, níbi tó jẹ́ pé bí o bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á gba iwájú rẹ kọjá bí ẹni pé òpó iná ni ọ́. Bí o bá fẹ́ kí obìnrin tó ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì yíjú padà, àfi kí o ju ohùn sókè, kó gba orí àwọn agbòjò kọjá, kó lọ bá a létí. Èyí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Àwọn ẹlẹ́ja gbígbẹ tó wà ní òdìkejì ọjà máa ń sọ pé ohùn mi làwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ohùn yẹn náà ni mo gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Ikpoba Hill, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ìsìn méjì là ń ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi: ti Yorùbá ní aago méje, ti Gẹ̀ẹ́sì ní aago mẹ́sàn-án. Àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá jókòó sí Benin la ni ti aago méje. Oníṣòwò ni wá, télọ̀, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ fásitì méjì mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ketekete, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi Pijin dá wa lóhùn bí ẹni pé èdè wa máa ta wọ́n lẹ́nu. Èmi ni mò ń darí orin níbẹ̀. Ìwé mi kò ju kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo lè kọ orúkọ mi bí ẹ ò bá fi ìkánjú bá mi. Ṣùgbọ́n orin tó wà lórí mi, bí wọ́n bá ní kí n kó o sínú àpò, ọkọ̀ ni wọ́n máa fi gbé e.

Bí mo ṣe dé ipò yẹn kò ní àṣírí kankan nínú. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, obìnrin tó ń dá orin fún wa kó lọ sí Àkúrẹ́. Pásítọ̀ ìgbà yẹn dúró lórí pẹpẹ, ó ní kí ẹni tí Ẹ̀mí bá gbé dá orin ìyìn. Ẹ̀mí kò gbé ẹnì kankan. Gbogbo wa ń wo bàtà wa. Ìdákẹ́jẹ́ sì máa ń ro mí bí eyín. Mo bá la ẹnu láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo dá a. Kí n tó kọ ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ti gbé máìkì fún mi. Ẹnì kan nínú àwọn alàgbà wá rọra gbà á padà lọ́wọ́ mi, nítorí pé kò sí iṣẹ́ tí máìkì fẹ́ ṣe.

Lọ́dọ̀ wa, adarí orin kì í dúró de dùùrù. Òun ló máa kọ́kọ́ la ẹnu, ibi tí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ á gbè é. Ẹni tó jókòó sídìí dùùrù á wá máa tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, títí yóò fi rí ibi tí mo wà. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa, olùkọ́ fásitì ni, ọ̀rọ̀ kẹ́míkà ni wọ́n ní ó ń kọ́ wọn níbẹ̀. Mọ́mì ló ń pè mí. Èmi ń pè é ní Pùròfẹ́sọ̀, ó sì máa ń sọ fún mi pé òun ò tíì débẹ̀. Mo ní kó máa jẹ́ orúkọ náà lọ, pé bí a bá ń pe ìyàwó ní ìyá ọmọ, ọmọ á dé.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó dara pọ̀ mọ́ wa, ó sún mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó ní ṣé a lè máa mú orin wá sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin wà nítòsí. Mo dá a lóhùn pé bí ìka bá ń ro ó, kó lọ fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì tún bá mi sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé mo borí.

Ohun tó ń bí mi nínú láti ìgbà pípẹ́ ni pé ìjọ wa kì í kọrin. Mo máa dá a, àwa obìnrin bíi mẹ́fà tí a jọ ń pariwo lọ́jà á gbé e, àwọn tó kù á dúró bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹlòmíì á máa ju ẹnu bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ohùn kankan kò ní jáde. Bàbá kan wà, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì kẹta láti ẹ̀yìn, tí á fi ọwọ́ méjèèjì lé ọ̀pá rẹ̀. Láti ọdún mẹ́jọ tó ti ń wá, mi ò rí i kó gbe orin rí. Mo ti parí ẹjọ́ rẹ̀ nínú ara mi: tí kì í bá ṣe pé ó ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́, a jẹ́ pé ó ń sùn.

Ìgbà tó yá ni pásítọ̀ wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó máa ń sọ̀rọ̀ burúkú jẹ́jẹ́ débi pé o máa ti dúpẹ́ kí o tó mọ ohun tó sọ. Ó fún mi ní omi. Ó béèrè ọjà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Mọ́mì, ìsìn tí wọn kì í ti í kọrin ti ń ṣàìsàn. Mo ń rò ó pé kí a da ti Yorùbá pọ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.” Ó ní òun máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wò ó ná.

Mo mu omi náà tán. Mo ní ó dáa. Mo jáde, mo sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níta títí ẹni tó ni ín fi wá bi mí bóyá mo fẹ́ rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Pijin ni mo fi ń tajà. Bí oníbàárà bá jẹ́ àgbà, mo lè fi Ẹ̀dó díẹ̀ kí i, tó bá dá mi lóhùn ju gbólóhùn méjì lọ, mo ti sọnù. Mo délé, ọmọbìnrin mi á fi Pijin béèrè ohun tí a máa jẹ. Nínú ọjọ́ méje, wákàtí méjì yẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́ kí wọ́n pe Ọlọ́run bí ìyá mi ṣe ń pè é. Èmi nìkan kọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ń ti Aduwawa wá, bọ́ọ̀sì méjì, nítorí àdúrà Yorùbá. Bí wọ́n bá gbé wa sínú ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, a máa jókòó níbẹ̀ bí ẹrù tí olówó rẹ̀ gbàgbé sí gáréèjì. A máa ṣe àmín níbi tí wọ́n bá ti ṣe é.

Nítorí náà mo ní màá jí wọn. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo gbé orin lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí iná lè ràn. Àwọn obìnrin mẹ́fà tèmi bá mi lọ débi tí ọrùn wọn gbà. Àwọn tó kù sì dákẹ́ ju ti àná. Mo bá dá orin dúró láàárín, mo bá ìjọ wí. Mo bi wọ́n bóyá òkú ni wọ́n ń ṣọ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó la ẹnu ni, kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn dúnàá dúrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ṣí fún ẹ̀rín pa dé nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo kó ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá, mo pín in. Wọ́n ń mì í lọ́wọ́, wọn ò kọrin. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, mo ń kọ ọ́ sí wọn létí. Ọmọ ìkókó kan bú sẹ́kún. Òun nìkan ló bá ohùn mi dọ́gba ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá télọ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá. Pásítọ̀ ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. Mo bi ara mi léèrè ohun tó lè máa kọ, nígbà tí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló wá kù. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì. Mo ṣe orin kan fúnra mi, kúkúrú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n: Ẹni tó gbé mi gòkè, kò ní já mi sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń bu ẹ̀wà. Mo ti mọ ibi tí mo máa gbé e kà, lókè téńté.

Ọjọ́ Sátidé, tó ku ọ̀la, ọkùnrin kan tó ń ta oògùn eku gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá síwájú ìsọ̀ mi. Ó ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ ń pariwo eku ńlá, eku kékeré, òun jókòó sórí àpótí, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Oníbàárà mi kò gbọ́ mi mọ́. Ọlọ́gbọ́n ì bá ní kó sún síwájú díẹ̀. Èmi gbé ohùn sókè. Ọkùnrin náà wò mí, ó fi ọwọ́ kan nǹkan lára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà gbé ohùn sókè. Èmi náà tún gbé e. Àwọn aládùúgbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Láti òwúrọ̀ títí dé ìgbà tí a ń kó àtẹ, èmi àti ẹ̀rọ la jọ fà á. Mo borí, nítorí pé bátìrì rẹ̀ kú. Mo bú u dáadáa lórí òkú bátìrì náà.

Nígbà tí mo jí ní ọjọ́ Ìsinmi, mo fẹ́ kí ọmọ mi káàárọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi dà bíi kí wọ́n máa wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Ohùn mi ti há. Mo mu omi gbígbóná, mo mu oyin, mo jẹ orógbó. Ọmọ mi ń wò mí, ó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń bá Ọlọ́run jà nínú ọkàn mi. Mo ní, ṣé ọjọ́ mìíràn kò sí nínú ọdún ni?

Ǹ bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n lọ́dún mọ́kànlá, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá orin. Ẹni tó bá dán an wò, mo ti ní nǹkan tí màá sọ sí i. Mo wo àwọn obìnrin mẹ́fà mi, gbogbo wọn ń wo bàtà. Pásítọ̀ ti jókòó pẹ̀lú ìwé pélébé rẹ̀.

Mo bọ́ síwájú. Mo gba máìkì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Mo wá òkè lọ, òkè kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Nísàlẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí mo ti máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí mo bá ń wá bàtà kejì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohùn díẹ̀ kù síbẹ̀. Mo fi ìyẹn dá a. Ẹni tó gbé mi gòkè. Ó rí jágbajàgba. Ojú tì mí. Mo di ojú, mo ń dúró kí ìdákẹ́jẹ́ wá gbé mi mì.

Ohun tó dé kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó ń fa tábìlì ńlá nínú yàrá kejì. Mo lajú. Bàbá télọ̀ ti dìde. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde nípọn bí epo pupa tó ti dì. Àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí rẹ̀ gbé e. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e. Ìyá Aduwawa fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọ wa, àwọn onípijin wọ̀nyí, wọ́n ń kọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì pé lẹ́nu wọn. Pùròfẹ́sọ̀ kò tẹ ibí tẹ ọ̀hún: ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gbé ọwọ́ lé e, ó ti bá mi. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti sọnù láti ọjọ́ yìí.

A kọ orin kékeré yẹn títí tí mi ò fi lè ka iye ìgbà mọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Mi ò ní ohùn tí màá fi ṣe é.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá bàbá télọ̀ níbi tó ti ń wá fìlà rẹ̀. Mo bi í, pẹ̀lú ohùn àga orí sìmẹ́ńtì yẹn, pé ibo ló gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí láti ọdún mẹ́jọ.

Ó dé fìlà rẹ̀ ná, ó tún un ṣe. Ó ní, “Ìyá elélùbọ́, mi ò gbé e pamọ́. Ìsàlẹ̀ níbí ni mo ti ń dúró dè yín. Ẹ̀yin lẹ ò sọ̀ kalẹ̀.”

Mo dúró síbẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń wọn ènìyàn fún ṣòkòtò. Ó ní ibi tí mò ń gbé orin kà, àwa tí a ń kígbe lọ́jà nìkan ni ọ̀fun wa gbà á. Ọkùnrin tó bá dán an wò á dà bí àkùkọ tí wọ́n di lẹ́sẹ̀. Ó ní òun dán an wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òun dé, ìyàwó òun sì bẹ òun pé kí òun má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láàárín ènìyàn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, mo bi ọmọ mi bóyá òun náà mọ̀. Ó ní gbogbo ìjọ ló mọ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi. Ó wo ìta, ó ní, “Mama, who wan tell you? You go finish the person.”

Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, tí kò mọ̀ wá rí, rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bú u, ohùn kò sí. Mo rántí Pùròfẹ́sọ̀ àti omi gbígbóná tí mo ní kó fi tẹ ìka rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ láti sọ òótọ́ fún mi, mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá ìjọ jà pé wọn kì í kọrin, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo gbé orin sórí àjà, tí mo sì yọ àkàsọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́ náà, ẹ̀rín ọ̀hún kò ní ohùn, ó kàn ń mì mí. Ọmọ mi ní kí n jọ̀ọ́ má kú síbẹ̀.

Ohùn mi padà ní ọjọ́ Wẹsidé. Mi ò purọ́: inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo lọ bá Pùròfẹ́sọ̀ ṣáájú ìsìn tó tẹ̀ lé e. Mo tọrọ àforíjì, ohun tí kò mọ́ mi lára, mo sì ṣe é bí ẹni ń gbé oògùn mì. Ó ní kò tọ́ kí n bẹ òun. Ó gé téèpù pupa kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì kan lára dùùrù, ó ní kí n máa fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ kí n tó la ẹnu, ibi tó bá ti dún ni kí n ti gbéra. Mo ní kí ó wò ó bí ayé ṣe rí, pé èmi tí kò mọ ìwé ti ń tẹ dùùrù. Bàbá télọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí orin bá gbóná tí mo bá ti ń gòkè lọ, láti bẹ́ǹṣì kẹta ẹ̀yìn á fi ọ̀pá gún ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, màá sì bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ó di márùn-ún, ó di mẹ́fà, pásítọ̀ kò dárúkọ ìdàpọ̀. Èmi ni mi ò lè fara dà á. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn, mo ní, “Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ wa ọjọ́sí, ibo lẹ bá a dé?”

Ó gbé omi fún mi, ó ní, “Ọ̀rọ̀ wo, Mọ́mì?”

Ó ṣe ojú bí ọmọ tuntun. Mo mu omi náà, mo sì jáde kí ó má baà rántí. Níta, mo rí àwọn ará ìsìn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti tètè dé, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ sí orin tí àwọn akọrin wa ṣì ń kọ lọ́wọ́. Obìnrin Ẹ̀dó kan nínú wọn, oníbàárà mi ni ní Oliha, ń gbè é. Kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà.

Ọmọ mi ṣì ń fi Pijin dá mi lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bá mi jókòó sí ìsọ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, mo sì gbọ́ tó ń kùn ún lábẹ́lẹ̀, ẹni tó gbé mi gòkè, jẹ́jẹ́, níbi tí téèpù pupa wà gan-an. Oníbàárà kan ń kọjá lọ. Mo la ẹnu láti pè é, mo sì tún pa á dé. Mo jẹ́ kó lọ. Ọmọ mi kọ ọ́ dé òpin, mo wá bá a gbè é.